Ṣọ́ọ̀bù márùn-ún, kọ́kọ́rọ́ kan: bí ilé ìtajà fóònù kan ní Òṣogbo ṣe tún ọjà rẹ̀ pín

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ilé ìtajà kan tó ń ta fóònù, láptọ́ọ̀pù àlòkù, ṣájà àti páwà báǹkì ní agbègbè Ọláìyá ní Òṣogbo ṣí ẹ̀ka mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́ta: Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, Ẹdẹ àti Ìwó. Ṣọ́ọ̀bù Òṣogbo ti pé ọdún méje nígbà náà, ọjà ń yá, ọ̀gá wọn sì ń lọ kó ọjà ní Computer Village ní Ìkẹjà lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹni tó bá yẹ ìwé owó wọn wò kò ní sọ pé wọ́n ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, iye ọjà tí wọ́n ń tà ti gòkè, owó tó wà lọ́wọ́ sì ti wálẹ̀. Bí a bá rí méjèèjì pọ̀, ká lọ wo orí pẹpẹ: owó ti di ẹrù, ẹrù náà sì ti jókòó síbi tí kò yẹ.

Bí wọ́n ṣe yan ìlú kò gba àròjinlẹ̀. Wọ́n ka ìlú ńláńlá tó yí Òṣogbo ká, wọ́n mú mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà débẹ̀, ìgbà wo lóṣù ni owó ń wọ ọwọ́ àwọn ará ibẹ̀, tàbí bóyá àwọn ará ibẹ̀ kò ti máa ń wá rajà ní Òṣogbo tẹ́lẹ̀.

Ìpín ọgbọọgba

Ọjà àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ka ṣí jẹ́ 120 fóònù, oríṣi mẹ́fà, àwọ̀ méjì méjì. Wọ́n pín in bí ẹni ń pín ẹran iléyá: 24 fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, méjì nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Òṣogbo ti ta tirẹ̀ tán. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, Ilé-Ifẹ̀ ti ta 21, Iléṣà 15, Ẹdẹ 11, Ìwó 6. Àpapọ̀ rẹ̀ 77. 43 ló kù. Nǹkan bíi 70,000 náírà ni wọ́n ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé owó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ń sùn ní ìlú mẹ́rin, nígbà tí wọ́n ń bẹ oníbàárà l'Ọ́láìyá pé kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Iye nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ẹni tó wá ra fóònù ti ní èyí tó fẹ́ lọ́kàn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù Iléṣà, ó ka owó sórí káńtà, ó ní dúdú lòun fẹ́, 128GB. Èyí tó kù lórí pẹpẹ jẹ́ búlúù, 64GB. Méjì irú èyí tó ń wá wà ní Ìwó, eruku ti bo páálí wọn láti oṣù tó kọjá. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù Ìwó gbé ọ̀kan lọ sí gáréèjì, dẹ́rẹ́bà gbé e dé Òṣogbo, wọ́n tún wá ọkọ̀ Iléṣà fún un. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló dé. Oníbàárà ti ra tirẹ̀ ní ilé kẹta sí wọn, lálẹ́ Sátidé yẹn gan-an.

Bí fóònù mẹ́wàá bá wà lójú kan, ibi tí ẹni tó fẹ́ ẹ bá ti yọjú ni wọ́n lè lọ. Bí wọ́n bá tú wọn ká ní méjì méjì sí ìlú márùn-ún, ìlú tí ẹni kẹta bá ti dé ti pàdánù rẹ̀, ìlú tí ẹnì kankan kò dé ń ṣọ́ méjì. Kò sí bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù ṣe lè mọ ọjà tà tó tó lè tún èyí ṣe.

Ẹdẹ ń jẹ lára Òṣogbo

Nítorí àtúnṣe àti páṣípààrọ̀, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà oníbàárà sára gbogbo rìsíìtì. Nígbà tí akọ̀wé wọn fi rìsíìtì Ẹdẹ ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ wé ìwé Òṣogbo, nínú 60 ènìyàn tó rajà ní Ẹdẹ, nọ́ńbà 38 ti wà nínú ìwé Òṣogbo tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe oníbàárà tuntun. Wọ́n gba ilé fún oníbàárà àtijọ́ kó má bàa wọ ọkọ̀. Láti Ẹdẹ dé Òṣogbo kò gba ẹni tó ní ọkọ̀ ní ìdajì wákàtí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ̀rẹ̀ sì wà láàárín méjèèjì, wọ́n lè yà sí ibi tó bá wù wọ́n.

Ó wu ọ̀gá wọn láti ti Ẹdẹ pa lójú ẹsẹ̀. Ohun tó dá a dúró ni pé wọ́n ti san owó ilé ọdún méjì. Èyí ló yọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó tíì wo àwọn 22 tó kù dáadáa: láptọ́ọ̀pù ni 13 nínú wọn rà, kì í ṣe fóònù.

Oṣù mẹ́jọ tí Ifẹ̀ fi sùn

Ní oṣù Kìíní 2022, wọ́n kó láptọ́ọ̀pù àlòkù 14 lọ sí ẹ̀ka Ilé-Ifẹ̀ ní Lágere, wọ́n ń retí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ máa rà wọ́n. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ẹgbẹ́ olùkọ́ fásitì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Ẹ̀ka tó ń ṣe ìkejì nínú ọjà títà tẹ́lẹ̀ bọ́ sí ìkẹrin.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n dán wò ni ẹ̀dínwó. Kò ṣiṣẹ́, ẹni tí kò sí nílùú kì í gbọ́ ẹ̀dínwó. Ìgbà tí oṣù Karùn-ún dé ni akọ̀wé rántí àwọn 13 ti Ẹdẹ. Ẹdẹ ní Pólì ìjọba àpapọ̀, ó ní Redeemer's University àti Adeleke University. Fásitì aládàáni ni méjì tó kẹ́yìn, ìyanṣẹ́lódì ASUU kò kàn wọ́n. Wọ́n kó láptọ́ọ̀pù náà lọ sí Ẹdẹ. Kí oṣù Keje tó parí, mẹ́wàá ti lọ. Ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ tì ló gba ẹ̀ka tó ń tà jù sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Ẹdẹ di ṣọ́ọ̀bù láptọ́ọ̀pù, fóònù mẹ́rin péré ni wọ́n ń fi síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tan àwọn ẹ̀rọ yẹn, márùn-ún nínú mẹ́rìnlá kò gba iná. Bátìrì lithium tó bá ṣófo pátápátá, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, agbára inú rẹ̀ máa ń wálẹ̀ débi pé ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọ á tì í pa, ṣájà kò ní lè jí i mọ́. Wọ́n ní láti ra bátìrì márùn-ún tuntun, èrè orí àwọn márùn-ún yẹn sì lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú láptọ́ọ̀pù sílé, kó fi bátìrì sí nǹkan bí ìdajì, láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kó pa á pátápátá, kó tún fún un ní iná lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Wọ́n wá ń kọ ọjọ́ tí wọ́n fún un ní iná sára bébà, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdérí.

Yàrá onírin

Ní oṣù Kọkànlá 2022 ni ìyípadà gidi dé. Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Ọláìyá, ó ní ilẹ̀kùn onírin. Wọ́n kó gbogbo ọjà tó ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ ní ẹ̀ka gbogbo padà síbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Dípò 120, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi 90 fóònù ṣiṣẹ́: 48 nínú yàrá, 14 lórí pẹpẹ Òṣogbo, 12 ní Ifẹ̀, 8 ní Iléṣà, 4 ní Ẹdẹ, 4 ní Ìwó. Fóònù dín ní 30, síbẹ̀ iye ìgbà tí wọ́n ń sọ pé "kò sí" dín kù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Bí wọ́n ṣe ń mọ iye tí ẹ̀ka kan máa mú nìyí: iye tó ń tà lójúmọ́, lọ́nà iye ọjọ́ tó jìn jù láàárín ọkọ̀ kan àti èkejì, kí wọ́n fi ọjà ọjọ́ méjì kún un nítorí ọkọ̀ tó lè kọṣẹ́ lọ́nà. Iléṣà ń ta fóònù kan lójúmọ́ nínú oríṣi tó ń yá jù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ ń jáde. Láti Ẹtì dé Ìṣẹ́gun jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin. Mẹ́rin àti méjì, mẹ́fà. Oríṣi tó bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ̀ka má gbé e rárá. Kí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ han oníbàárà, kó dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti tàkò ó ni ó yẹ ká dúró sí díẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọjà bá ṣe tà ní ẹ̀ka ni wọ́n ń san kọ́míṣọ̀n fún olórí ẹ̀ka. Tí wọ́n bá kó fóònù kúrò níwájú rẹ̀, owó rẹ̀ ni wọ́n kó lọ. Olórí ẹ̀ka Ifẹ̀ ń pe olùtọ́jú yàrá ní ọjọ́ Ajé: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó ìyẹn o, ẹnì kan ní òun ń bọ̀ wá rà á lọ́la." Ẹni náà kì í dé. Nígbà tí wọ́n ka ọjà lójijì, wọ́n bá fóònù mẹ́ta lábẹ́ káńtà, nínú páálí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kì í ṣe olè. Ó ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ ni. Wọn kò lé e. Wọ́n yí ìlànà padà: bí ẹ̀ka kan bá dá ọjà padà tó sì tà níbòmíì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn méjèèjì á pín kọ́míṣọ̀n rẹ̀ dọ́gba. Lóṣù kejì, olórí Ifẹ̀ yẹn kan náà ló ń pe olùtọ́jú yàrá láti béèrè ẹ̀ka tó nílò ohun tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà tó yí po àti ọ̀nà tó dá wà

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tí ọ̀nà kan ń gbà kò tó ti òmíràn. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀ka wọn sórí bébà, wọ́n rí ohun tí ó yẹ kí wọ́n rí kí wọ́n tó san owó ilé: láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, láti Iléṣà sí Ilé-Ifẹ̀, láti Ilé-Ifẹ̀ gba Sẹ̀kọ́nà bọ́ sí Ẹdẹ, láti Ẹdẹ padà sí Òṣogbo, òbìrìkítí kan ni. Kò ju nǹkan bíi 110 kìlómítà lọ. Ọkọ̀ kan tó jáde ní aago méje àárọ̀ lè kan ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó já tuntun, kó gbé èyí tó bàjẹ́, kó wálé kí ilẹ̀ tó ṣú, láìrìn ní ọ̀nà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ìwó kò sí nínú òbìrìkítí yẹn. Ó wà ní ìwọ̀-oòrùn, lójú ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ máa rìn tó 90 kìlómítà ní àlọ àti àbọ̀, tórí fóònù mẹ́rin.

Ohun tí Ìwó ń tà sì yàtọ̀. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, ṣájà àti okùn ló ń lọ níbẹ̀ jù. Èrè orí fóònù onítọ́ọ̀ṣì kan kò ju 1,000 náírà.

Nígbà tí ìjọba kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, lítà epo tó wà lábẹ́ 200 náírà di nǹkan bíi 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọkọ̀ wọn ń jẹ lítà kan fún kìlómítà mẹ́wàá. Òbìrìkítí tó ń gba 2,100 tẹ́lẹ̀ di 5,500. Ṣùgbọ́n nǹkan bí fóònù 18 ló ń gbé lọ́ọ̀kan, epo orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó 310 náírà. Ìrìn Ìwó di 4,500: ó gbọ́dọ̀ ta fóònù onítọ́ọ̀ṣì márùn-ún kí epo nìkan tó san ara rẹ̀, kí a má tíì sọ ti owó ilé, iná àti ọmọ ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí owó ilé Ìwó parí, wọn kò san òmíràn. Wọ́n bá ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ sọ̀rọ̀: ó ń ra ṣájà àti okùn lọ́wọ́ wọn ní owó osunwọ̀n, fún àpò ara rẹ̀, tí oníbàárà bá fẹ́ fóònù ńlá, á gba àsansílẹ̀, á pe Òṣogbo, wọ́n á fi ránṣẹ́ ní wéébíìlì láti gáréèjì ní ọjọ́ kejì. Owó dẹ́rẹ́bà wà lórí oníbàárà, wọ́n sì ń sọ ọ́ fún un kó tó san kọ́bọ̀.

Nọ́ńbà méjì lára fóònù kan

Ìṣirò oṣù Kejì 2023 fi hàn pé fóònù mẹ́ta sọnù láàárín Ifẹ̀ àti Ẹdẹ. Wọ́n fura sí dẹ́rẹ́bà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó rí i pé méjì nínú mẹ́ta náà wà lórí pẹpẹ. Fóònù oní-SIM méjì ní IMEI méjì, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀, díjíìtì 15 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òṣogbo kọ ti àkọ́kọ́, Ẹdẹ kọ ti ìkejì, ìwé wá ń wò ó bí fóònù tó jáde tí kò wọlé, àti òmíràn tó wọlé láìjáde. Ọ̀kan péré ló sọnù ní tòótọ́. Òfin tó tẹ̀lé e kúrú: IMEI àkọ́kọ́ nìkan, ti orí páálí, kí ẹni tó gbà á sì tẹ *#06# láti fi wé e bí oníbàárà bá ti tú u.

Bákan náà ni ti owó ní ìgbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Gbogbo ènìyàn ń ṣe tránsífà, àkáǹtì kan ṣoṣo ni ẹ̀ka márààrún ń lò, Òṣogbo ló sì ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Oníbàárà Iléṣà á jókòó wákàtí kan. Wọ́n là á sí àkáǹtì márùn-ún lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́, olórí ẹ̀ka ń wo inú àkáǹtì fúnra rẹ̀. Álẹ́ẹ̀tì orí fóònù oníbàárà kì í ṣe ẹ̀rí owó.

Iye orí páálí

Ọ̀ràn tó dùn wọ́n jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023. Ní ọjọ́ 14, Báǹkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 470 ní iye ìjọba kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Computer Village yí iye padà láàárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Òṣogbo gbọ́, wọ́n fi iye tuntun ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ní Iléṣà, iná kò sí, fóònù olórí ẹ̀ka ti kú, iye àtijọ́ sì wà lára páálí, wọ́n fi bíró kọ ọ́. Ní ọjọ́ méjì, fóònù méje lọ, inú wọn ń dùn pé ọjà yá. Nígbà tí owó fóònù méje dé Ìkẹjà, márùn-ún ló rà. Ọjà kì í yá báyẹn lásán. Àwọn alátùntà ládùúgbò ló ti gbọ́ ṣáájú wọn.

Láti ìgbà náà, kò sí iye lára páálí mọ́. Òṣogbo ń fi iye ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Olórí ẹ̀ka gbọ́dọ̀ dáhùn pé òun ti rí i. Ẹ̀ka tí kò bá dáhùn, ṣájà àti okùn nìkan ni kó tà títí yóò fi pe Òṣogbo. Iye tí wọ́n ń tà á sì dá lórí iye tí wọ́n máa fi ra òmíràn, kì í ṣe iye tí wọ́n fi ra èyí tó wà nílẹ̀. Inú oníbàárà kì í dùn sí èyí. Ó ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tó rí fóònù náà lórí pẹpẹ láti oṣù tó kọjá.

Tábìlì dípò ṣọ́ọ̀bù

Bí ẹ̀ka Ẹdẹ ṣe dára mú kí wọ́n fẹ́ tẹ̀lé UNIOSUN, fásitì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, káàkiri. Ọgbà mẹ́fà ni fásitì yẹn ní: Òṣogbo, Ìkirè, Èjìgbò, Òkukù, Ìfẹ́tẹ̀dó àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Akọ̀wé ló ní kí wọ́n má gba ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ra láptọ́ọ̀pù ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé. Ìyókù sáà, okùn ṣájà ni wọ́n ń rà. Nítorí náà, tábìlì, agboòrùn ńlá àti ènìyàn méjì ni wọ́n ń gbé lọ sí Ìkirè àti Òkukù ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù mẹ́jọ. Àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ti ń gbé aṣọ tọ ènìyàn lọ báyìí tipẹ́, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí kì í tà láwìn.

Ẹni tó bá ń gbèrò ẹ̀ka tuntun lè kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀: kó fi rìsíìtì oṣù mẹ́ta wo ìlú tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń wá, kó ta lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn kó jẹ́ ọ̀sẹ̀ owó oṣù, kó sì wò ó bóyá ìlú náà bọ́ sójú ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ìhà Ìkirun ni wọ́n ń wò báyìí. Láti Òṣogbo gba Ìkirun dé Òkukù kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tààrà ni, ọkọ̀ á padà gba ibi tó gbà lọ. Ní ìparí 2024 tí lítà epo ti tó 1,000 náírà, ìrìn méjì lọ́sẹ̀ jẹ́ 16,000 fún epo nìkan, ìyẹn èrè orí fóònù méjì. Fóònù mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń béèrè láti ìhà ibẹ̀. Wéébíìlì ni wọ́n ṣì fi ń ránṣẹ́ sí wọn.